Àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí olùkọ́ iṣẹ́ nìkan lè rí: bí ẹ ṣe lè tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sọ́nà lórí èdè

Tí ẹ bá ń kọ́ni ní físíìsì, òfin, ìṣègùn tàbí ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, tí Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ṣe èdè àbínibí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ ti ń fún wọn ní èsì lórí èdè, ẹ mọ̀ ọ́n ni o, ẹ ò mọ̀ ọ́n ni o. Ìlà tí ẹ fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, àmì ìbéèrè tí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, máàkì méjì tí ẹ yọ láìsọ ìdí: èsì lórí èdè ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó kù ká bi ara wa ni bóyá akẹ́kọ̀ọ́ náà rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ pé àwọn kì í ṣe olùkọ́ èdè. John Airey fi ọ̀rọ̀ wá àwọn olùkọ́ físíìsì lẹ́nu wò ní Sweden, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní ọdún 2012. Ohun tí wọ́n sọ fún un kò yàtọ̀: físíìsì làwọn ń kọ́, àwọn kì í kọ́ èdè. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé àyè kan. Kò sẹ́ni tó ní kí olùkọ́ físíìsì máa jókòó ṣàlàyé gírámà. Ṣùgbọ́n ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "the temperature increased to 20 degrees", nígbà tó jẹ́ pé ohun tó rí ní láàbù ni pé ìwọ̀n ooru náà fi 20 gòkè sí i. Físíìsì ló ṣì kọ. Olùkọ́ èdè tó bá ka gbólóhùn yẹn kò ní rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀, nítorí gírámà rẹ̀ pé pérépéré. Ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní láàbù nìkan ló lè rí i.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yín. Èyí tó kù, ẹlòmíràn wà tó lè bá yín ṣe é. Orí èyí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ yín gan-an ń béèrè

Kí sáà ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe èyí. Ẹ mú ìwé ìdáhùn bíi mẹ́wàá láti ọdún tó kọjá, kí ẹ wá ibi tí ẹ ti ní láti padà sẹ́yìn tún gbólóhùn kà. Ẹ má wo àṣìṣe tó kàn ń bí yín nínú. Ibi tí ìtumọ̀ ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ ó rí i pé àwọn nǹkan kan náà ló ń padà wá, wọn kì í sì í pọ̀ rárá.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Nínú statistics, "correlated with" kò dọ́gba pẹ̀lú "caused by", ohun tó sì jẹ́ "significant" lè kéré débi pé kò ní já mọ́ nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Nínú ètò ọrọ̀ ajé, bí èlé orí owó bá kúrò ní 10% tó di 15%, "5 percentage points" ló fi gòkè; akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "5 percent" ti sọ fún wa pé 10.5% ló dé. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè, "the enzyme inhibits" àti "the enzyme is inhibited" kọ̀yìn síra wọn: ọ̀kan ń dí nǹkan lọ́wọ́, ìkejì ni nǹkan ń dí lọ́wọ́. Nínú òfin, ọ̀rọ̀ kékeré bíi "may" àti "shall" ni ẹjọ́ máa ń dá lé lórí, "consideration" nínú àdéhùn, ìyẹn ohun tí ẹnì kan fún ẹnì kejì ní pàṣípààrọ̀, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú pé èèyàn ń ro ti ọmọnìkejì. "Work" àti "power" nínú físíìsì ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ wọ́n láti kékeré, ìdí nìyẹn tí kò fi ní lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè nítorí wọn. Ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì sí i kò léwu tó èyí tó rò pé òun ti mọ̀.

Nínú ìtàn àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ohun tó máa ń jà jù ni bí gbólóhùn ṣe lágbára tó. Ìwé kan ṣoṣo láti ibi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí kò lè "prove" nǹkan. Ó lè "suggest" rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dín ohùn kù yóò máa pariwo níbi tó yẹ kó ti rọra sọ̀rọ̀, ẹ ó sì rò pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀rí.

Ẹ kọ mẹ́fà tàbí méje irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ojú ìwé kan ti tó. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi gbólóhùn méjì sí i láti inú iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀, èyí tó tọ́ àti èyí tó ṣini lọ́nà. Ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ojú ìwé náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ń lò, irú bíi "assume", "derive" àti "whereas", ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lé wọn lórí. Averil Coxhead ti ṣe àkójọ irú wọn ní ọdún 2000, tó pè ní Academic Word List; ẹbí ọ̀rọ̀ 570 (ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà rẹ̀) ló wà nínú rẹ̀, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n lọ kà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ́kọ́ kà á láìmú bírò

Ẹni tó bá mú bírò dání kò ní lè ṣe kó má fa nǹkan. Ẹ gbé e sílẹ̀. Kíkà àkọ́kọ́ wà fún títẹ̀lé èrò akẹ́kọ̀ọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ lè mọ ibi tó ń lọ. Ìgbà tí ẹ bá ń kà á lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ wá pín àwọn gbólóhùn tó ní wàhálà sí ọ̀wọ́ mẹ́ta.

Ọ̀wọ́ kìíní ni gbólóhùn tó yé yín, àmọ́ tó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní lọ́kàn. "All the patients did not respond to the drug." Ṣé oògùn náà kò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni ni, àbí àwọn kan ni kò ṣiṣẹ́ fún? Ọ̀wọ́ kejì ni gbólóhùn tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀ rárá, bó ti wù kí ẹ kà á tó. Ọ̀wọ́ kẹta ni gbólóhùn tó yé yín kedere, ṣùgbọ́n tí gírámà rẹ̀ ń mẹ́hẹ: "informations", "discuss about", "the result show".

Ọ̀wọ́ kẹta ló máa ń pọ̀ jù, òun náà ló sì ń pe bírò pupa jù, nítorí ó rọrùn láti rí, ó tún rọrùn láti tún ṣe. Àmọ́ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí olùkọ́ bá fa ìlà sábẹ́ "informations" lẹ́ẹ̀mẹ́rin tó sì fò kọjá lórí "all the patients did not", ohun tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé bí gírámà bá ti dán, iṣẹ́ ti parí. Ẹ fi ọ̀wọ́ kẹta sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Tó bá di pé ẹ fẹ́ tẹ iṣẹ́ náà jáde, tàbí kí ẹlòmíràn gbé e lọ lò bí àdéhùn tàbí ìwé ìtọ́jú aláìsàn, ẹ lè wá padà sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan kò ní lè fara mọ́ èyí. Wọn á ní ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì, ṣé kò yẹ kó mọ ibi tí wọ́n ń fi "s" sí ni? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà níwájú wa kọ́ nìyẹn. Ẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìwé kan, ẹ sì ní láti yan ohun tí ẹ máa fi ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ èsì tó máa mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nǹkan

Ní ọdún 1996, John Truscott kọ ọ́ pé àtúnṣe gírámà nínú ohun tí àwọn tó ń kọ́ èdè kejì kọ kò wúlò, pé ó tiẹ̀ ń pa wọ́n lára, pé kí àwọn olùkọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀. Dana Ferris dá a lóhùn ní ọdún 1999, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ti dá sí ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn wá. Èmi kò rò pé Truscott jàre tán, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti dá ìwé tó kún fún bírò pupa padà, tó sì rí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wo máàkì nìkan tó sì tì í bọ inú báàgì, mọ ohun tó ń sọ. Ohun tó wúlò fún wa nínú àríyànjiyàn náà ni ìyàtọ̀ kan tí Ferris ṣe: àṣìṣe kan wà tó ní òfin tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ wò, òmíràn kò sì ní òfin kankan, àfi kéèyàn ti gbọ́ ọ rí.

Ìyàtọ̀ yẹn ló máa sọ fún yín ohun tí bírò yóò ṣe nígbà tí ẹ bá padà sí ọ̀wọ́ kẹta. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe kò bá bá olùwà mu, tàbí tí wọ́n da àsìkò ìṣẹ̀lẹ̀ rú, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni, tàbí ọ̀rọ̀ méjì tí wọn kì í sábà rìn pọ̀, ẹ kọ èyí tó tọ́ fún un ní tààràtà. Kò sí bó ṣe lè ronú kan "resistant to" bó bá ti kọ "resistant against". Ẹ kọ ọ́, kí ẹ kọjá.

Ọ̀wọ́ kìíní, níbi tí ìtumọ̀ ti wọ́, ló gba ọgbọ́n. Ẹ má tún gbólóhùn yẹn kọ fún un. Ìdí méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ lè mú ìtumọ̀ tí kò ní lọ́kàn, yóò sì gbà á nítorí pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ìkejì, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá èdè ló kù díẹ̀ káàtó fún un àbí ìmọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìtumọ̀ méjì síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan. Lórí ọ̀rọ̀ oògùn yẹn, èsì náà lè lọ báyìí: "Ó lè jẹ́ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni rárá, ó sì lè jẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Èwo ni tábìlì kejì rẹ fi hàn? Tún gbólóhùn náà kọ kí ó lè jẹ́ ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní." Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ ọ́, òótọ́ ni, àmọ́ kí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn. Olùkọ́ tó bá kọ "this needs unpacking" sí etí ìwé ọmọ tó ń bá èdè jìjàkadì ti fi ìṣòro kan kún ìṣòro.

Ìdáhùn tó bá mú wá ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá èdè ni àbí ìmọ̀. Bó bá mú èyí tó tọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èdè ló ṣì í lọ́wọ́. Bó bá ń ṣiyèméjì, tàbí tó ní méjèèjì kò yàtọ̀ síra, ẹ ní kó ya àwòrán rẹ̀, kó kọ ọ́ ní fọ́múlà, tàbí kó fi èdè tó mọ̀ jù ṣàlàyé fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Fọ́múlà tó tọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn tó wọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè. Bí méjèèjì bá wọ́, ẹ gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì ní tiyín, kí ẹ padà sí ẹ̀kọ́ náà. Mo ti rí i tí wọ́n dárí akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kíláàsì gírámà fún odindi sáà kan nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni kò yé e.

Ẹ má ṣe ju irú àṣìṣe méjì tàbí mẹ́ta lọ lórí iṣẹ́ kan. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀ ìwé kó lè mọ̀ pé àwọn lẹ wò. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "awkward", "grammar!", "rephrase" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó kọ gbólóhùn náà, torí bó bá mọ ibi tó ti "awkward" ni, kò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tó bá sì ti ṣe dáadáa, ẹ sọ ohun tó ṣe gan-an: "o kọ 'is associated with' níbí, o kò sì sọ pé òun ló fà á, bó ṣe yẹ nìyẹn."

Tí kíláàsì bá kún bí ilé ìdìbò, tí ìwé sì jẹ́ igba, ẹ kò lè kọ èsì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó gbólóhùn márùn-ún jọ láti inú àwọn ìwé náà, ẹ yí wọn padà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ gbé wọn sórí ojú pátákó. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n jíròrò rẹ̀ ní méjì-méjì: kí ni gbólóhùn yìí sọ, kí sì ni ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ sọ? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn máa ń ṣiṣẹ́ ju alẹ́ mẹ́ta tí ẹ fi ń fa ìlà lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹnu

Roy Lyster àti Leila Ranta wo àwọn kíláàsì kan ní Kánádà níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé, tí kì í ṣe èdè àbínibí wọn, kọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1997. Ohun tí olùkọ́ máa ń ṣe jù bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni pé kó tún un sọ bó ṣe yẹ, kó sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Òun náà ni àwọn ọmọ kì í sábà kọbi ara sí jù. Lójú ọmọ, ńṣe ni olùkọ́ kàn gbà pẹ̀lú òun. Nígbà tí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè tàbí tó ní kó tún un sọ, ó máa ń tún un ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbàlagbà ní yunifásítì kò rí bí ọmọdé, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ bá wa mu. Bí ìtumọ̀ bá ti yé gbogbo èèyàn, ẹ tún un sọ bó ṣe yẹ nínú ìdáhùn yín kí ẹ máa lọ. Ẹ má dá ìjíròrò dúró nítorí "s". Bí ìtumọ̀ bá wà nínú ewu, ẹ béèrè: "O ní ó dé 20 àbí o ní ó fi 20 lé e?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Mary Budd Rowe, tó ṣe ìwádìí lórí bí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ṣe ń dúró de ìdáhùn, rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni wọ́n ń dúró, àti pé bí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn máa ń gùn sí i, ó sì máa ń dára sí i. Ẹni tó ń fi èdè kejì ronú nílò ju mẹ́ta lọ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń ni olùkọ́ lára ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Ẹ fi bí ohùn ẹnì kan ṣe ń dún sílẹ̀. Èyí tó bá lè fa àṣìgbọ́ nìkan ni kí ẹ dá sí, irú bíi "fifteen" àti "fifty" nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwọ̀n oògùn. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sójú pátákó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn yòókù, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sí ìwé, kí ẹ fún un lẹ́yìn tó bá jókòó, nǹkan méjì péré.

Ó ṣeé ṣe kí Gẹ̀ẹ́sì má jẹ́ èdè àbínibí tiyín náà. Ìyẹn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ yín lórí ọ̀wọ́ kìíní, nítorí ìmọ̀ iṣẹ́ ló ń fi í hàn. Lórí èyí tó kù, bí kò bá dá yín lójú, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ jọ wò ó. Àwọn àkójọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi COCA tí Mark Davies dá sílẹ̀, yóò fi hàn yín bí àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lo ọ̀rọ̀ kan àti ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Kí èsì ṣáájú máàkì

Èsì tó bá dé lẹ́yìn máàkì ti pẹ́. Ẹ gba apá kan nínú iṣẹ́ náà ṣáájú, ojú ìwé kan péré, ó dára kó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń túmọ̀ ohun tí wọ́n rí. Ẹ fún wọn ní èsì lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá mú odindi iṣẹ́ wá, kí ìwé kékeré kan bá a wá: gbólóhùn wo ni mo yí padà nítorí èsì, èwo ni mo fi sílẹ̀, kí ló fà á? Ẹ fi máàkì díẹ̀ sórí ìwé kékeré yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní kọ ọ́.

Tí ẹ bá máa fún èdè ní máàkì, ẹ sọ iye rẹ̀ àti ohun tí ẹ máa wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò dára ni kí ẹ máa yọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ nítorí pé ìwé náà "kò dùn kà". Pé akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ẹ̀rí pé Gẹ̀ẹ́sì òun dé B2 lórí CEFR, òṣùwọ̀n ìmọ̀ èdè ti Yúróòpù tó lọ láti A1 dé C2, kò sọ pé ó ti kọ ìròyìn láàbù rí. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka iṣẹ́ ara wọn pẹ̀lú. Kristi Lundstrom àti Wendy Baker ṣe ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2009, wọ́n rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fún àwọn ẹlòmíràn ní èsì tẹ̀ síwájú nínú ìwé kíkọ tiwọn ju àwọn tó kàn ń gbà á lọ. Àmọ́ ẹ má ní kí wọ́n tún gírámà ara wọn ṣe, torí ẹlòmíràn á ba èyí tó dára jẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ fún wọn: kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ìpínrọ̀ kan ní gbólóhùn kan, kí ẹni tó ni ín sọ bóyá ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ̀rọ tó ń tún gbólóhùn ṣe

Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọ̀wọ́ kẹta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Gírámà ti dán. Àwọn olùkọ́ kan rò pé ìṣòro èdè ti tán nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kìíní ló kù, ó sì ti wọ aṣọ tó mọ́. Ẹ̀rọ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní láàbù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "increased to 20" nígbà tó fẹ́ kọ "by 20", yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún lè dá tirẹ̀ kún un: ó lè sọ "may be associated with" di "leads to" nítorí pé ó ṣe ṣókí, tàbí kó fi "weight" pààrọ̀ "mass" kí ọ̀rọ̀ kan náà má baà máa padà wá, nígbà tó jẹ́ pé pípadà wá rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Bí òfin yunifásítì yín bá gbà á láyè, ẹ ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n kọ fúnra wọn, kí wọ́n gbé ìpínrọ̀ kan rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ̀rọ tún ṣe, kí wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ìtumọ̀ ti yí. Iṣẹ́ yẹn gba ìdajì wákàtí, ó sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ yín ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Bí òfin kò bá gbà á láyè, ẹ sọ ọ́ kedere, kí ẹ má fi í sílẹ̀ fún wọn láti máa méfò.

Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni yín

Ẹ má lọ bá olùkọ́ pé kó "bá yín wo Gẹ̀ẹ́sì yín". Yóò ní òun kò ní àyè, òótọ́ ló sì sọ. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn mẹ́ta tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín, kí ẹ bi í pé: "Sà, ohun tí mo fẹ́ sọ níbí nìyí, ṣé ohun tí ẹ gbọ́ nìyẹn?" Ìbéèrè yẹn kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì sí olùkọ́ tó máa ní òun kò lè dáhùn rẹ̀. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ àwọn èsì sí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, èyí tó bá ti wá lẹ́ẹ̀mejì ni. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ tó kàn sílẹ̀, ẹ fi ojú wá àwọn yẹn nìkan.

Ẹni tó lè bá yín gbé ìyókù

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní ibi tí wọ́n ti ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí ìwé kíkọ, olùkọ́ èdè sì wà níbẹ̀. Ẹ má kàn rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ pẹ̀lú "lọ tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ ṣe". Ẹ fún olùkọ́ èdè náà ní ojú ìwé tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní, pẹ̀lú iṣẹ́ méjì tó dára láti ọdún tó kọjá, tí àwọn tó kọ ọ́ bá fọwọ́ sí i. Láìrí èyí, yóò kọ́ wọn ní àròkọ, nígbà tó jẹ́ pé ìròyìn láàbù lẹ fẹ́.

Ní ti iṣẹ́ àṣekágbá, akẹ́kọ̀ọ́ lè fẹ́ san owó fún ẹni tó máa bá a ka ìwé náà. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí òfin yunifásítì yín sọ lórí ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fọwọ́ kàn, nítorí ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Kí ẹni náà lo irinṣẹ́ tó ń fi gbogbo ibi tó yí padà hàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, ẹ mú ìpínrọ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á pẹ̀lú tábìlì náà níwájú yín, kí ẹ wò ó bóyá "to" ṣì jẹ́ "to", "by" ṣì jẹ́ "by".